Ọ̀nà àbùjá kọ́ ni Théato fi borí ní Párìs

Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn Òlíḿpíìkì ọdún 1900 rí á ti gbọ́ eléyìí: pé Michel Théato, tó gba ipò kìíní nínú eré ìje marathon, ọmọ tó ń gbé búrẹ́dì kiri Párìs ni, pé ó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ìlú náà, ó sì gba ọ̀nà àbùjá. Irọ́ ni, mi ò sì fẹ́ ká máa sọ ọ́ mọ́.

Ẹlẹ́rìí tí mo ní ni Ernst Fast, ọmọ Swídìn tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí kì í dárúkọ rárá. Ọmọ ọdún 19 péré ni nígbà tí wọ́n sá eré náà ní oṣù Keje. Odi ìlú Párìs ni wọ́n sá yí ká, nǹkan bíi kìlómítà 40, nínú oòrùn ọ̀sán tó mú débi pé bí ìdajì àwọn sárésáré ni kò lè parí rẹ̀. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 59 ni Théato fi parí tiẹ̀, Émile Champion sì tẹ̀ lé e. Fast ló ṣe ìkẹta, wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 37.

Ibo wá ni ẹ̀sùn ti wá? Ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ni. Arthur Newton sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni tó kọjá òun lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ìkarùn-ún ni Newton ṣe, lẹ́yìn wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 4! Fast ti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 27 ṣáájú rẹ̀ dé. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni Newton sọ, a jẹ́ pé Fast náà gba ọ̀nà àbùjá nìyẹn. Ta ló fi kọ̀rọ̀ Párìs han ọmọ Swídìn? Mi ò tíì rí ẹni tó fi ẹ̀sùn yẹn kan án rí.

Mo gbà pé ètò ọjọ́ náà kò dára. Wọn ò sàmì sí ojú ọ̀nà bó ṣe yẹ, ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́ sì ń bá àwọn sárésáré du títì. Àmọ́ ẹni tó bá ṣìnà, ṣe ló máa pẹ́ kó tó dé. Ìyẹn ò sọ ẹni tó tètè dé di olè.

Ti búrẹ́dì ńkọ́? Káfíńtà ni Théato, iṣẹ́ àga àti tábìlì ló ń ṣe. Wọn ò tiẹ̀ bí i sí Faransé. Luxembourg ni wọ́n bí i sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Faransé ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé Òlíḿpíìkì.