Ta ló ní yunifásítì lè dúró dìgbà tí gbogbo nǹkan bá tò?

Ẹ kúulé o ẹ̀yin èèyàn mi. Lánàá ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, níwájú oníwèé ìròyìn, ọ̀rọ̀ ogun Sudan ló délẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2023, la bá ń sọ ọ́ bí àwọn yunifásítì tó wà ní Khartoum ṣe tú ká tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sá gba ọ̀nà tí wọ́n rí. Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an wá ní ẹ fìyẹn sílẹ̀ jàre, tógun bá tán, oúnjẹ ló kàn, ọ̀nà ló kàn, ilé-ìwé alákọ́bẹ̀rẹ̀ ló kàn, yunifásítì lè dúró fún ọdún mẹ́wàá. Wọ́n tún wá fi òwe tì í lẹ́yìn: bígi bá wó lu igi, tòkè là á kọ́kọ́ gbé. Gbogbo wa mi orí. Èmi náà mi orí o, àfìgbà tí mo délé tí mo wá ń bi ara mi pé igi wo gan-an ló wà lókè?

Torí ta ló fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ alákọ́bẹ̀rẹ̀ yẹn? Tíṣà ò kí ń hù bí olú. Ẹnì kan ló kọ́ tíṣà, ẹlòmíì ló kọ́ ẹni tó kọ́ ọ, tẹ́ ẹ bá tọ̀ ọ́ lọ sókè báyẹn, yunifásítì lẹ máa bá.

Ẹ wo Liberia. Ogun tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní 1989, ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún ru, 2003 ló tó parí. Ní 2013, ọdún mẹ́wàá géérégé tí Bàbá ní ká dúró yẹn, nǹkan bí ọmọ 25,000 ló ṣe ìdánwò àtiwọ University of Liberia, kò sí ẹyọ kan tó yege. Ẹyọ kan ṣoṣo o! Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Èmi ò gbà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nínú ogun, tíṣà tó ń kọ́ ọ náà inú ogun ló ti kàwé tirẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó kọ sínú ìwé ìdánwò?

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ebola gbóná níbẹ̀. Liberia, Sierra Leone àti Guinea, dókítà kan tàbí méjì péré ni wọ́n ní fún èèyàn 100,000. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: tẹ́ ẹ bá ti yunifásítì pa fún ọdún mẹ́wàá, ẹ tún fi ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi ń kọ́ dókítà kún un, ọdún mẹ́rìndínlógún nìyẹn kẹ́ ẹ tó rí dókítà àkọ́kọ́. Ta lẹ fẹ́ kí aláìsàn lọ bá kó tó dìgbà yẹn?

Àwọn tó tètè ṣí tiwọn ńkọ́? Rwanda, 1994 ni wọ́n pa èèyàn bí ẹni ń pa ẹran, àwọn olùkọ́ yunifásítì tó wà ní Butare, wọ́n pa lára wọn, àwọn míì sá lọ. Síbẹ̀ oṣù kẹrin 1995 ni wọ́n ṣí i padà. Nílé níbí náà, Nsukka tì ní 1967, ọdún 1970 tí ogun parí gan-an ni wọ́n padà wọlé, tàwọn tilé ìkàwé tí ogun ti dà rú. Ti Maiduguri lágbára ju ìyẹn lọ, torí ogun Boko Haram ò tiẹ̀ tíì parí. Bọ́ǹbù bú nínú mọ́ṣáláṣí ọgbà wọn ní January 2017, ó pa ọ̀jọ̀gbọ́n kan, wọn ò sì torí ẹ̀ kógbá wọlé.

Kí n sòótọ́, ọ̀rọ̀ Bàbá kì í ṣe tiwọn nìkan. Àwọn World Bank ló gbé e kiri láyé 1980 sí 1989, wọ́n ṣírò pé owó tí èèyàn bá ná sí alákọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń mú èrè wá jù. Owó oṣù tí ẹni tó kàwé máa gbà ni wọ́n wò jù nínú ìṣirò yẹn, ẹ̀mí tí dókítà gbà là ò sí níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2000, ohùn wọn ti yí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Bàbá ti tọ̀nà rèé: owó. Owó tí wọ́n ń ná lórí ọmọ yunifásítì kan á tó ọ̀pọ̀ ọmọ alákọ́bẹ̀rẹ̀ kàwé. Àwọn olóṣèlú náà fẹ́ràn géètì, ẹ bá mi wò ó, géètì á ga, wọ́n á kùn ún, inú ọgbà ò sí olùkọ́. Ohun tó ń jẹ́ kí yunifásítì tọ́jọ́ ni owó oṣù tó ń wọlé lásìkò àti àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n kọ́ di olùkọ́, torí àjòjì tó wá ṣèrànwọ́ á padà sílé ẹ̀. Ní Somaliland, tó ya kúrò lára Somalia lẹ́yìn ogun, 1998 ni wọ́n dá yunifásítì Amoud sílẹ̀ ní Borama, owó ará ìlú àtàwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun ni wọ́n fi gbé e dìde, ó sì ń lọ títí dòní. Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ọmọ wa kún ìdálẹ̀ fọ́fọ́, kò yẹ kíyẹn yà wá lẹ́nu.

Kí ló tún kù? Òṣoògùn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí ni. Ogun kó ọmọ kan tó ń jẹ́ Àjàyí níbẹ̀ ní 1821, wọ́n tà á, òyìnbó gbà á lórí omi, wọ́n gbé e lọ Freetown ní Sierra Leone, ìlú tí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹni tí wọ́n gbà lóko ẹrú. Wọn ò dúró kí gbogbo ẹ̀ tò, 1827 ni wọ́n ti dá ilé-ìwé gíga Fourah Bay sílẹ̀ níbẹ̀, ọmọ yẹn, tó wá di Àjàyí Crowther, sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ní 1843 ó ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, ẹ̀yin náà ẹ wo Yorùbá tẹ́ ẹ̀ ń kà lórí fóònù yìí.

Mo fẹ́ lọ sọ èyí fún Bàbá ní Tákíè lọ́la. Mo ti mọ ohun tí wọ́n máa bi mí: ta ló sanwó Fourah Bay? CMS ni, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, láti London. Ibẹ̀ la máa fà á sí.