L'Hôpital kọ́ ló fi hàn pé sin x lórí x ń lọ sí 1

Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní yunifásítì pé kí ni limit sin x lórí x, ìyẹn nọ́ńbà tó ń lọ sí, bí x bá ń sún mọ́ òdo. Kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì: "Fi òdo sí i, ó di 0/0. Differentiate òkè, differentiate ìsàlẹ̀. Cos 0 lórí 1. Ó jẹ́ 1." Ìdáhùn náà tọ̀nà, mi ò bá a jiyàn. Ohun tí kò tọ̀nà ni ìgbàgbọ́ tó wà nídìí rẹ̀, pé òfin L'Hôpital (bí pínpín bá di 0/0, ẹ wá derivative òkè àti ti ìsàlẹ̀, ìyẹn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń yára yí padà sí, kí ẹ wá fi ti ìsàlẹ̀ pín ti òkè) ni ẹ̀rí pé 1 ni, àti pé níbi yòówù tí 0/0 bá ti yọjú, òfin yẹn nìkan ti tó.

Ta ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé cos x ni derivative sin x? Ẹ padà sí ìpìlẹ̀. Ẹ mú sin(x + h), ẹ yọ sin x kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ wá fi h pín èyí tó kù. Bí ẹ bá tú u palẹ̀, ohun tí ẹ máa rí nìyí:

sin x · (cos h − 1)/h + cos x · (sin h)/h

Ẹ wo apá kejì yẹn dáadáa. Sin h lórí h ló jókòó síbẹ̀! Àfi ká ti mọ̀ pé 1 ló ń lọ sí ká tó lè sọ pé cos x ni derivative sin x. Ẹni tó wá ń fi L'Hôpital ṣe ẹ̀rí rẹ̀ dà bí olùjẹ́jọ́ tó pe ara rẹ̀ ní ẹlẹ́rìí. Àwọn kan á ní series, ìyẹn àròpọ̀ aláìlópin x − x³/6 + …, làwọn fi túmọ̀ sin láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní series lọ́wọ́ kò tún nílò L'Hôpital mọ́. Á kàn fi x pín in ni.

Níbo wá ni 1 ti wá? Inú àwòrán ni. Ẹ ya òbìrí kan tí àárín rẹ̀ jẹ́ O, tí ìlà láti O dé etí rẹ̀ sì jẹ́ 1. Ẹ fi àmì A àti B sí etí rẹ̀, kí igun tó wà láàárín OA àti OB jẹ́ x, igun kékeré. Ẹ fa ìlà tó dúró gangan lórí OA láti A títí yóò fi pàdé OB tí ẹ fà gùn, ní T. Onígun mẹ́ta OAB fẹ̀ tó ½ sin x. Ègé òbìrí OAB fẹ̀ tó ½ x. Onígun mẹ́ta OAT fẹ̀ tó ½ tan x. Èkíní wà nínú èkejì, èkejì wà nínú ẹ̀kẹta, nítorí náà sin x kéré sí x, x kéré sí tan x. Ẹ fi sin x pín gbogbo rẹ̀, ẹ dà á dojú dé: sin x lórí x há sáàárín cos x àti 1. Bí x bá jẹ́ 0.1, cos x jẹ́ 0.9950, sin x lórí x sì jẹ́ 0.9983. Bí x ṣe ń kéré sí i ni cos x ń gun òkè lọ sí 1, kò sì sí ibòmíì tí ẹni àárín lè sá sí.

Ègé òbìrí yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ dúró wò. Radian, ìyẹn fífi gígùn etí òbìrí yìí láti A dé B wọn igun, nìkan ló ń jẹ́ kó fẹ̀ tó ½ x. Ẹ fi kàkúlétọ̀ sí DEG (degree), kí ẹ fi 0.1 pín sin 0.1: 0.01745 ló máa gbé jáde, ìyẹn π lórí 180, kì í ṣe 1. Ẹni tó há "differentiate òkè, differentiate ìsàlẹ̀" sórí kì í rí èyí, torí pé cos x tó ń lò ti gbé radian pamọ́ sínú ara rẹ̀.

Òfin náà alára kì í ṣe iṣẹ́ L'Hôpital o. Johann Bernoulli, ará Switzerland, ló ṣàwárí rẹ̀. L'Hôpital, ọ̀tọ̀kùlú Faransé tó ń sanwó fún un, ló tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé lọ́dún 1696.

Kì í sì í ṣe gbogbo ibi ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo sec x (ìyẹn 1 lórí cos x) lórí tan x bí x ṣe ń sún mọ́ π/2, tí òkè àti ìsàlẹ̀ jọ ń lọ sí àìlópin. Differentiate méjèèjì, ó di tan x lórí sec x. Ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, ó padà di sec x lórí tan x. Ilẹ̀ á ṣú bá yín lórí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, 1 lórí sin x lásán ni. Limit rẹ̀ jẹ́ 1.

Èyí tó tún burú jù ni x² sin(1/x) lórí sin x, ní òdo. Lẹ́yìn differentiation, cos(1/x) kan yọjú lókè tó ń ta síwá-sẹ́yìn láìdúró, akẹ́kọ̀ọ́ á sì kọ ọ́ pé kò sí limit. Òfin náà kò sọ bẹ́ẹ̀: bí èyí tó jáde kò bá ní limit, ó dákẹ́ ni. Ẹ kọ ọ́ bí x/sin x ìlọ́po x sin(1/x). Ti àkọ́kọ́ ń lọ sí 1. Èkejì há sáàárín −|x| àti |x|, tí àwọn méjèèjì ń lọ sí òdo. Limit rẹ̀ ni 0.