Bátìrì kan tó ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì, bí kò bá ti jẹ́ ti fóòtì (volt) 24

Ẹ dé ọ̀dọ̀ èyíkéyìí nínú àwọn réwáyà tó wà lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán ní Òṣogbo níbí, tàbí kí ẹ yà sí Old Garage, kí ẹ ní ẹ fẹ́ yọ ọ̀kan nínú bátìrì méjì tó wà lára ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì yín. Wọ́n á ní: "Ọ̀gá, ẹ má dán an wò o. Dísẹ́ẹ̀lì ò lè jí pẹ̀lú bátìrì kan. Alternator yín, ẹ̀rọ tó ń ṣáàjì bátìrì, máa jó." Ẹlòmíì á tún fi kún un pé bí ọ̀kan bá kú lọ́nà, èkejì á gbé yín délé.

Irọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ìdí nìyẹn tí kò fi tètè kú.

Òótọ́ ibẹ̀ rèé. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní pílọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Atẹ́gùn ló ń fún pọ̀ títí á fi gbóná débi pé bí dísẹ́ẹ̀lì bá ti kàn án báyìí, ó gbiná. Ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù sábà máa ń fún atẹ́gùn pọ̀ ní ìlọ́po 8 sí 12. Ti dísẹ́ẹ̀lì lè jẹ́ 14 títí dé 23. Sítátà ló máa yí gbogbo ìyẹn, kò sì gbọ́dọ̀ yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí tó bá ń fà, ooru yẹn á ti sá lọ kí epo tó wọlé. Nítorí náà, dísẹ́ẹ̀lì ń jẹ iná ju bẹntiróòlù lọ nígbà tí a bá ń jí i. Èmi náà fara mọ́ ìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fi fi méjì sí i? Òtútù ni. Tí òtútù bá dé ìwọ̀n 18 nísàlẹ̀ òdo lórí Celsius, agbára tó kù lára bátìrì láti fi jí ọkọ̀ kò tó ìdajì. Ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì ti ki, sítátà ń jìjàkadì, àwọn pílọ́ọ̀gì tó ń mú inú ẹ́ńjìnì gbóná sì ń fa iná tiwọn kó tó di pé ẹnikẹ́ni yí kọ́kọ́rọ́. Toyota ń ṣe ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kan náà fún ibi olótùútù pẹ̀lú bátìrì méjì, kó ṣe é fún ibòmíì pẹ̀lú ẹyọ kan. Mercedes 240D àtijọ́, bátìrì ẹyọ kan ṣoṣo ló gbé wá láti Jámánì. Kódà CCA, ìyẹn agbára láti jí ọkọ̀ nínú òtútù, tí wọ́n kọ sára bátìrì, ìwọ̀n 18 nísàlẹ̀ òdo yẹn ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ní Òṣogbo, àárọ̀ ọyẹ́ tó ń la ètè pàápàá kò sún mọ́ ibi tí omi ti ń di yìnyín. Ooru ló ń pa bátìrì níhìn-ín, méjì lẹ ní o, ẹyọ kan lẹ ní o.

Ti alternator tí wọ́n ní ó máa jó ńkọ́? Iye iná tí bátìrì àti àwọn nǹkan inú ọkọ̀ bá béèrè ni alternator ń gbé jáde, ó sì ní ohun tó ń dè é mọ́ nǹkan bíi fóòtì 14. Bátìrì kan kì í béèrè ju méjì lọ. Ohun tó ń jó alternator ni bátìrì tó ti bàjẹ́ tí kì í kún láéláé, àti àṣà kan tí mo máa ń rí ní gáréèjì wa: wọ́n á fi bátìrì jí ọkọ̀ kan, wọ́n á yọ ọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n á gbé e lọ jí òmíràn. Ọkọ̀ àtijọ́ tí pọ́ǹpù rẹ̀ kò lo kọ̀ǹpútà lè máa ró lọ lẹ́yìn náà, wọ́n á sì rò pé kò sí nǹkan kan. Àmọ́ iná tó ṣàdédé fò sókè ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn lè jó alternator àti kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ tuntun.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti "bátìrì kejì ni ààbò." Nínú ọkọ̀ fóòtì 12, bátìrì méjèèjì so pọ̀ ni, pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, nẹ́gátíìfù mọ́ nẹ́gátíìfù. Ohun tó bá ṣe ọ̀kan, ó ti ṣe èkejì. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ló wà nínú bátìrì kan. Bí ọ̀kan bá kú nínú wọn, bátìrì yẹn á já sí bíi fóòtì 10.5, èyí tó dára á sì máa da iná tirẹ̀ sínú èyí tó bàjẹ́ láti alẹ́ mọ́júmọ́. Ẹni tó ra tuntun kan tó fi ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ torí pé owó ò tó méjì, tuntun yẹn ló ń fi bọ́ àtijọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó ń yọ yín lẹ́nu, ẹ tú méjèèjì sílẹ̀ lálẹ́, kí ẹ fi tẹ́sítà wọ̀n wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láàárọ̀. Tó bá jẹ́ fóòtì 12.6, ó kún. Tó bá jẹ́ 12.0, ó ti ń gbẹ. Tó bá jẹ́ 10.5, ẹ gbé e lọ fún oníkọ́ńdẹ́mù. Ẹ wá so èyí tó dára nìkan padà, kí ẹnì kan máa jí ọkọ̀, kí tẹ́sítà wà lórí bátìrì: kò yẹ kó já wálẹ̀ ju 9.6 lọ. Ẹ fọwọ́ kan wáyà. Tó bá gbóná, wáyà tàbí orí bátìrì ló ní ìṣòro, pàápàá bí lẹ́búlẹ́bú funfun tó fẹ́ ní àwọ̀ ewé bá ti hù sí i. Ọ̀pọ̀ "bátìrì kan ò gbé e" tí mo mọ̀, lẹ́búlẹ́bú yẹn ni.

Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ dúró ni ọkọ̀ fóòtì 24: típà àti ọkọ̀ akẹ́rù tó wá láti Yúróòpù. Níbẹ̀, pọ́sítíìfù ọ̀kan ló so mọ́ nẹ́gátíìfù èkejì, ẹyọ kan kò lè jí i rárá. Ẹ má sì ka iye bátìrì, torí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù Mack láti Amẹ́ríkà lè ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó sì jẹ́ fóòtì 12 síbẹ̀. Ibi tí wáyà so sí ni kí ẹ wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún ń fa iná rédíò láti ara ọ̀kan ṣoṣo nínú méjì ti fóòtì 24, ẹ̀yin lẹ̀ ń pa á: ọ̀kan á máa gbẹ, èkejì á máa gba ṣáàjì jù.

Ẹ́ńjìnì lítà 2.5 sí 3, bíi ti Hilux, bátìrì gidi kan tó jẹ́ 90 sí 100 Ah (ìwọ̀n iná tó lè gbà sínú) tó o níhìn-ín. Ẹni tó ní Ford F-250 lítà 7.3, tàbí tó so invẹ́tà mọ́ ọkọ̀, kó má yọ ìkankan nínú méjì rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ̀kan, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ ti kú. Nẹ́gátíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Kí ẹ sì fi téèpù wé orí wáyà pọ́sítíìfù tó ṣẹ́ kù dáadáa, kí ẹ dè é mọ́ ibi tí kò ti lè kan irin, torí iná bátìrì kejì ṣì wà nínú rẹ̀.