Wọ́n ka ẹranko, wọn kò ka ẹni tí ó fi ipa ẹsẹ̀ wọn hàn wọ́n

Láti ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá ni àwọn ènìyàn ti ń fi ìkéde kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, tí oníkálukú wọn ń kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ yìí bá mi mu gan-an. Ẹgbẹ́ kan ni ó ń wá àwọn ọ̀dọ́ tí yóò yọ̀ǹda ara wọn láti lọ ka ẹranko nínú páàkì ìjọba àpapọ̀. Wọ́n ní kí oníkálukú gbé àgọ́ àti bàtà igbó rẹ̀ dání, kí ó sì san owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ara rẹ̀, pé ìwé ẹ̀rí yóò wà fún ẹni tí ó bá ṣe é dópin. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti wá kọ ọ́ pé àwọn ará abúlé yóò máa fi ọ̀nà hàn wá. Gbólóhùn ìsàlẹ̀ yìí ni ó bí mi nínú, nítorí mo ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò bá ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún igbó jà. Èmi náà wà lára àwọn tí ń ka ẹyẹ fún Nigerian Bird Atlas Project tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, níbi tí wọ́n ti pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó nǹkan bí kìlómítà 9 ní ìbú àti ní òró. Ẹni tí ó bá wọ inú ọ̀kan yóò lo wákàtí méjì níbẹ̀, ó kéré tán, yóò sì máa kọ orúkọ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí ó bá ṣe kọ́kọ́ rí i tàbí tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń sanwó fún wa, inú wa sì ń dùn sí i. Irú igún tí ó máa ń bà sí òrùlé ilé ìpẹran ní àwọn ìlú wa ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ẹyẹ tí ìparun rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé lórí lágbàáyé láti 2015 kan náà. Bí kò bá sí ẹni tí ń kà wọ́n, báwo ni a ó ṣe mọ ibi tí ó ṣẹ́ kù sí?

Ohun tí ó ń dùn mí ṣẹlẹ̀ ní igbó Ọ̀yọ́-Ilé, èyí tí ìjọba ń pè ní Old Oyo National Park. Kì í ṣe àwọn ẹ̀ṣọ́ páàkì ni mo ń bá wí. Ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ ni ó gba ìyọ̀ǹda, tí ó sì kó wa lọ. Igbó náà fẹ̀ ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ, 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin. Igbó ọba méjì ni wọ́n so pọ̀ mọ́ra wọn, Upper Ogun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1936 àti Ọ̀yọ́-Ilé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1941. Ní 1952 ni wọ́n sọ wọ́n di ibi ìpamọ́ ẹranko, ní 1991 ni ó sì di páàkì orílẹ̀-èdè. Kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, igbó ọdẹ ni fún àwọn ará Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Tedé, Igbẹ́tì àti àwọn ìlú mìíràn tí ó yí i ká. Òfin wá fa ilà, ó ní kí àwọn ọdẹ dúró sí ìta.

Ọ̀kan lára àwọn tí ilà náà lé síta ni bàbá tí wọ́n fi ṣe afinimọ̀nà fún wa. Bàbá Ọdẹ ni gbogbo wa ń pè é. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, iná ti jó koríko, ojú sì ń ríran jìnnà láàárín àwọn igi ẹmì. Iṣẹ́ wa ni pé kí a rìn lórí ilà tààrà kan, kí ẹnì kan di GPS mú, kí ẹnì kan di kọ́ńpáàsì mú, kí ẹnì kan sì kọ ẹranko tí a bá fojú rí sínú fọ́ọ̀mù, pẹ̀lú iye rẹ̀ àti bí ó ṣe jìnnà sí ilà tó. Bàbá wà níwájú pẹ̀lú àdá. Kò sí ibi kankan nínú fọ́ọ̀mù náà tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí a rìn dé ibi eruku kan nítòsí ipadò, Bàbá lóṣòó, ó já pòròpórò koríko kan, ó sì fi í nawọ́ sí ipa ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín láìfara kàn án. Ó ní kí ìrì òru tó sẹ̀ ni ẹran náà ti kọjá, nítorí ojú ibi tí ìrì kán sí hàn tó-tò-tó nínú ipa ẹsẹ̀ náà. Ó ní abo ni, pé ọmọ ń tẹ̀ lé e. Ó sì fi pátákò kékeré tí ó tẹ ti ńlá mọ́lẹ̀ hàn wá. Lẹ́yìn náà ni ó ní ó ń tiro. A béèrè bí ó ṣe mọ̀. Ó ní kí a wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún, pé kò wọlẹ̀ bí ti òsì, pé ó ń wọ́ ṣóńṣó pátákò rẹ̀ nílẹ̀, wáyà ti mú un rí. Ó gbójú sókè, ó wo àwọn igi tí ó wà lápá òsì wa, ó ní tàkúté mìíràn kò ní ṣàì sí níbẹ̀ yẹn.

Ọ̀dọ́kùnrin tí ó jẹ́ olórí wa ní a kò gbọdọ̀ kúrò lórí ilà. Bàbá kò bá a jiyàn. Òun nìkan yà, kò sì pẹ́ tí ó fi padà pẹ̀lú wáyà bíréèkì ọ̀kadà tí ó ti ká sọ́wọ́ bí òrùka. Tàkúté ni, ara igi ẹmì kékeré kan ni wọ́n so ó mọ́. Nígbà tí ilà parí, mo wo fọ́ọ̀mù wa. Ẹranko tí a rí: 0.

Mo mọ ohun tí àwọn onímọ̀ yóò sọ, kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu. Wọn yóò ní òdo náà jẹ́ èsì, pé bí àwọn tí ń kà bá ń yà kiri, ìṣirò yóò dàrú. Mo gbà. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ipa ẹsẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹranko wà lọ́tọ̀, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ń lò ó, fọ́ọ̀mù tàkúté náà sì wà. Kí ni ó dé tí àwọn tiwa kò mú ọ̀kankan wá? Àwọn mìíràn yóò sì ní ṣebí àwọn ọdẹ ni ó pa ẹranko inú igbó tán. Kí wọ́n lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí wọ́n ti ń ta ẹran ìgbẹ́, kí wọ́n wo irú ọkọ̀ tí ó ń dúró láti rà á.

Nígbà tí ìwé àbọ̀ jáde, orúkọ gbogbo àwa tí a yọ̀ǹda ara wa wà níbẹ̀, títí kan ẹnì kan tí ibà dá dúró sí àgọ́ tí kò bá wa wọ igbó rárá. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó fún wọn lówó. Fọ́tò Bàbá wà níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a rí, pẹ̀lú àdá ní èjìká, wọ́n sì kọ “afinimọ̀nà” sí abẹ́ rẹ̀. Owó ojúmọ́ tí wọ́n fún un kò tó ra ẹsẹ̀ kan nínú bàtà tí mo wọ̀, bẹ́ẹ̀ ó fi ebè iṣu rẹ̀ sílẹ̀ láti bá wa lọ ni. Ní gúúsù Áfíríkà, àwọn òyìnbó ń san owó gọbọi kí wọ́n lè ṣe irú iṣẹ́ tí a ṣe yìí. N kò rò pé ó yẹ kí ohun tí Bàbá yóò gbà jẹ́ owó ọkọ̀ lásán.

Mo kọ̀wé sí ẹgbẹ́ náà. Wọ́n fèsì tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé wọn yóò tún ìwé àbọ̀ náà ṣe, pé kí n fi orúkọ Bàbá ní kíkún ránṣẹ́. Inú mi dùn, mo pe ọmọ rẹ̀ kan lórí fóònù, ó sì gbé fóònù fún un. Mo rò pé yóò súre fún mi ni.

“Ọmọ mi, má jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ mi sí ibì kankan o,” ni ohun tí ó sọ. Ó ní àwọn tí ó so wáyà yẹn kò jìnnà, pé ó ṣeé ṣe kí òun àti wọn jọ jókòó ní ìpàdé. “Ìwọ yóò padà sí Ìbàdàn. Èmi, ibí ni mò ń gbé.” Ó tún béèrè, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni, bóyá wọ́n lè san iye tí wọ́n san fún awakọ̀ wa fún òun nígbà tí wọ́n bá tún ń bọ̀.

Láti ìgbà náà, n kò tíì dá ẹgbẹ́ náà lóhùn. Bí mo bá fi orúkọ ránṣẹ́, mo ti ta Bàbá. Bí n kò bá fi ránṣẹ́, àbọ̀ náà yóò máa ka àwa ọmọ ìlú ńlá nìkan sí ẹni tí ó ṣiṣẹ́. Owó ni mo lè bá wọn jà lé lórí, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní àwọn tí ó fún wọn lówó ń béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá san ju owó ojúmọ́ lọ fún. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìkéde ránṣẹ́ sí mi, n kò lè ní kí ẹ má lọ, n kò sì lè ní kí ẹ lọ. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti bá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, tí ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń san ẹ̀tọ́ fún irú Bàbá yìí láìdárúkọ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí mi.