Ajínómótò kọ́ ló mú ètè ẹ̀gbọ́n mi kú

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n wa kan tó máa ń lọ ra ọjà ní Guangzhou títí kó tó gbà láti bá mi jẹ huoguo, oúnjẹ Ṣáínà kan, lálẹ́ ọjọ́ kan. "Ìkòkò iná" ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn. Wọ́n á gbé ìkòkò ọbẹ̀ ka iná láàárín tábìlì, kálukú á máa ki ẹran tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ṣàkì, olú àti ewébẹ̀ bọ inú rẹ̀, á sì máa yọ ọ́ jẹ bó bá ṣe ń jinná. Wọ́n dá ìkòkò tiwa sí méjì: omi ọbẹ̀ tòmátì lápá kan, omi pupa tí ọ̀rá màlúù àti ata gbígbẹ léfòó sí lápá kejì, bí wọ́n ṣe ń sè é ní ìlú Chongqing ní Ṣáínà. Ẹ̀gbọ́n ní Yorùbá kì í sá fún ata, ni wọ́n bá kọjú sí apá pupa.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. "Àbúrò, ètè mi ti kú! Ṣé o rí i? Ajínómótò tí mò ń sọ nìyẹn."

Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n nìkan. Bí èèyàn bá jẹun Ṣáínà tí orí fọ́ ọ, ajínómótò ni. Bí òùngbẹ gbẹ ẹ́ mọ́jú, ajínómótò ni. Bí inú ṣí, òun náà ni.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ètè bẹ̀rẹ̀. Ohun tó mú un kú ni huajiao, èso wínníwínní kan tí wọ́n ń dà sínú ọbẹ̀ pupa yẹn. Kì í ṣe ata, kì í ṣe iyèré. Ẹbí ọsàn ló ti wá. Èròjà inú rẹ̀ kan máa ń tan iṣan ètè jẹ, tí ètè á fi máa rò pé nǹkan ń gbọ̀n lára òun. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí ní yunifásítì kan ní London wọn ìgbọ̀nrìrì yìí, wọ́n ní ó tó ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọmọ ìyá ni huajiao àti igi tí à ń pè ní orín ata nílé. Zanthoxylum ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ti fi orín ata rin ẹnu láàárọ̀ mọ bó ṣe máa ń ta ahọ́n, tí ẹnu á sì kú díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti rin ín dàgbà nílé bàbá wọn. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní májèlé.

Ajínómótò fúnra rẹ̀ ńkọ́? Lọ́dún 1908, ọ̀jọ̀gbọ́n Kikunae Ikeda ní Tokyo se ewé inú òkun kan, ó yọ èròjà adùn tó wà nínú rẹ̀, ó pò ó mọ́ sodium, èròjà tó wà nínú iyọ̀. Lọ́dún 1909 ó ti wọ ọjà. Lónìí, ìrèké, ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo ni wọ́n ń mú kan láti fi ṣe é. Èròjà adùn kan náà wà nínú tòmátì, nínú olú, nínú irú, àní nínú ọmú ìyá. Ara kì í yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọdún 1968 ni ọ̀rọ̀ dàrú. Dókítà Robert Ho Man Kwok, ọmọ Ṣáínà tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn pé bí òun bá jẹun nílé oúnjẹ Ṣáínà, ẹ̀yìn ọrùn òun máa ń kú, àyà òun á sì máa lù kìkì. Ó ní ó lè jẹ́ ọtí ìsebẹ̀, ó lè jẹ́ iyọ̀, ó lè jẹ́ ajínómótò. Ìbéèrè ló ń bi o! Ṣùgbọ́n ajínómótò nìkan làwọn èèyàn gbọ́, wọ́n sì so orúkọ Ṣáínà mọ́ àìsàn náà. Nígbà tó yá, àwọn olùwádìí kó 130 èèyàn tó ní ó máa ń ṣe àwọn jọ, wọ́n fún wọn ní ajínómótò láìjẹ́ kí wọ́n mọ ìgbà tí wọ́n ń lò ó àti ìgbà tí wọn kò lò ó. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2000 kò dúró sójú kan: ẹni tó ṣe lónìí, kò ṣe é lọ́la. Ẹni tó bá lá gíráàmù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lófìfo, láìjẹun sí i, lè rí ẹ̀fọ́rí díẹ̀ tí kò ní pẹ́ lọ. Oúnjẹ abọ́ kan kì í sábà ní tó ìdajì gíráàmù.

Ní ti àhesọ pé aṣọ ni wọ́n ń fi ajínómótò fọ̀, NAFDAC ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé kò léwu nínú oúnjẹ. Ẹni tó bá sì ń bú u, kó yẹ ẹ̀yìn páálí mágí tó wà nílé ìdáná rẹ̀ wò.

Òùngbẹ ti iyọ̀ ni. Sodium tó wà nínú iyọ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta ti inú ajínómótò lọ, ọbẹ̀ tó bá sì ti ń hó fún wákàtí méjì, omi ló ń fò lọ, iyọ̀ á dúró. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kó má mu omi ìsàlẹ̀ ìkòkò yẹn rárá.

Inú tó ṣí ńkọ́? Ẹ wo igi méjì tẹ́ ẹ fi ń jẹun. Mo rí ẹ̀gbọ́n tí wọ́n fi mú adìẹ tútù sínú ìkòkò, tí wọ́n tún fi igi yẹn náà mú olú sẹ́nu. Kòkòrò tó wà lára ẹran tútù kò dúró de omi gbígbóná kankan. Ẹ béèrè fún igi mìíràn fún ẹran tútù. Ní ti àwọn ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń yan ẹran lórí èédú láàárín tábìlì, bí orí bá ń fọ́ yín tí kò sí ẹ̀rọ tó ń fa èéfín síta, ẹ dìde, ẹ bọ́ síta. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára èédú tó ń jó, kì í rùn, ó sì ń pa èèyàn.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n. Wọ́n mi orí, wọ́n yí àga wọn sí apá ọbẹ̀ tòmátì, wọ́n da olú kún un, wọ́n ní ó kéré tán, ajínómótò ò sí níbẹ̀.