Ẹranko tí a kò rí kò tíì di ẹranko tó tán

Bí ènìyàn bá jókòó ti àwọn àgbà ní Àkúrẹ́, tí ọ̀rọ̀ sì kan ẹranko inú igbó, kì í pẹ́ tí wọn yóò fi sọ pé kọ̀ǹkọ̀ ti tán létí odò Àlà, pé alágẹmọ ti tán nínú oko kòkó, àti pé irú ejò tí wọ́n ń rí nígbà èwe wọn kò sí mọ́. Ẹ̀rí kan náà ni gbogbo wọn máa ń mú wá: ó pẹ́ tí wọ́n ti rí i gbẹ̀yìn. N kò bá wọn jiyàn pé àwọn ẹranko wọ̀nyí lè ti dín kù, nítorí igbó tí a gé, irà tí a dí láti kọ́lé àti oògùn apakòkòrò tí a ń fọ́n sí oko kì í ṣe nǹkan kékeré. Ohun tí n kò fara mọ́ ni bí wọ́n ṣe ń mú àìrí, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di àìsí. Èyí tó tún ń kọ mí lóminú ni pé èrò yìí wà lọ́kàn àwọn kan lára àwa tí a yọ̀ǹda ara wa láti máa ka àkèré, ọ̀pọ̀lọ́, alángbá àti ejò káàkiri. Bí a bá rìn láti aago méje sí aago mẹ́wàá alẹ́ tí a kò rí nǹkan kan, ẹlòmíràn yóò ká fọ́ọ̀mù tí a fi ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tí a bá rí sínú àpò, yóò sì sọ pé iṣẹ́ òní ti já sí òfo.

Àpẹẹrẹ tó yẹ kí gbogbo ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ̀ wà lórí Òkè Ìdànrè. Ọ̀pọ̀lọ́ kan ń gbé ibẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ní ibòmíràn ní gbogbo ayé. Arne Schiøtz, onímọ̀ ẹranko ará Dẹ́nmáàkì, ni ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1963, tí ó sì sọ ọ́ ní orúkọ Jean-Luc Perret, ẹni tó kọ́ ìmọ̀ jinlẹ̀ nípa àwọn àkèré ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Lẹ́yìn náà, ó lé ní 40 ọdún tí kò fi sí àkọsílẹ̀ kankan pé ẹnikẹ́ni tún rí i, àfi ìgbà tí Abiodun Onadeko ti Yunifásítì Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn jáde ní ọdún 2014 pé àwọn ti tún rí ọ̀pọ̀lọ́ náà. Níbo ni ó lọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Kò lọ síbì kankan. Orí àpáta tí Schiøtz ti bá a náà ni ó wà, bí àwọn arìnrìn-àjò ṣe ń gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́dọọdún. Mo fura pé àwọn ọmọ Ìdànrè kan ti fi ẹsẹ̀ gbá a kúrò lọ́nà láìmọ̀ pé ẹranko tí ayé ń wá ni.

Ohun mìíràn tún wà nínú ìtàn yìí. Ọ̀pọ̀lọ́ tí a mọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wa máa ń yé ẹyin rẹ̀ sínú omi tó dúró, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì yọ ẹsẹ̀ ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ti Ìdànrè yàtọ̀, nítorí ara àpáta tútù, níbi tí omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti ń ṣàn wálẹ̀, ni àwọn ọmọ tirẹ̀ ti ń dàgbà. Ẹni tó bá lọ wá wọn nínú kòtò omi tó wà ní ẹsẹ̀ òkè lè wá wọn fún ogún ọdún kí ó má rí ẹyọ kan, kí ó sì fi gbogbo ọkàn búra pé wọ́n ti tán.

Alágẹmọ náà kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tí n kò gbàgbé. Ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wá a, nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ewé mu, tí ó sì ń mi síwá sẹ́yìn bí ewé tí atẹ́gùn ń gbé. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, yóò sùn sí ṣóńṣó ẹ̀ka, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì funfun díẹ̀, débi pé bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì bá kàn án, yóò hàn kedere láàárín ewé dúdú. Nínú oko kan náà tí olóko ti sọ fún mi pé òun kò rí alágẹmọ mọ́ láti ọdún pípẹ́, mẹ́ta ni a rí ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ojú olóko náà kò fọ́. Kò kàn sí ìdí tí yóò fi lọ sí oko ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni.

Ti kọ̀ǹkọ̀ àti àkèré tún ju ti ojú lọ, nítorí etí ni a fi ń ka ọ̀pọ̀ nínú wọn. Akọ ni ó sábà máa ń ké, oríṣi kọ̀ọ̀kan ni ó ní igbe tirẹ̀, lẹ́yìn òjò sì ni igbe náà máa ń pọ̀ jù. Ẹni tó bá dé etí irà nígbà ọyẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ti wọ inú ilẹ̀ tàbí inú ihò igi lọ, ìdákẹ́jẹ́ ni yóò bá níbẹ̀. Àwọn ejò kan sì wà tí abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń lo ọ̀pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé wọn. Àwọn wọ̀nyẹn, a kì í rí wọn àfi bí ọkọ́ bá ṣèèṣì hú wọn síta.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò gbé e yẹ̀wò. Ká ní ẹranko kan wà ní ibì kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé nínú alẹ́ mẹ́rin tí a bá fi wá a, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a máa ń rí i. Bí a bá ní irú ibi bẹ́ẹ̀ 100, tí a sì lọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní alẹ́ kan péré, a ó padà láìrí ẹranko náà ní ibi 75. Bí a bá lọ ní alẹ́ mẹ́ta, nǹkan bí ibi 42 ni a kò tíì ní rí i síbẹ̀. Bí a bá wá lọ ní alẹ́ mẹ́wàá, ibi tí yóò ṣẹ́ kù kò ju nǹkan bí mẹ́fà lọ. Nítorí náà, òfo alẹ́ kan kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan fún wa, ṣùgbọ́n òfo alẹ́ mẹ́wàá ní ibì kan náà, ní àsìkò tó yẹ, ti ń di ẹ̀rí.

Ìdí nìyí tí fọ́ọ̀mù tí a ká sínú àpò fi ń dùn mí. Àjọ IUCN, tó ń ṣàkójọ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu káàkiri àgbáyé, kì í kéde pé ẹ̀dá kan ti run títí tí kò fi ní sí iyèméjì tó mọ́gbọ́n wá pé èyí tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ ti kú, lẹ́yìn tí a bá ti wá a dé gbogbo ibi tó yẹ kó wà, ní wákàtí àti ní àsìkò ọdún tó bá ìṣe rẹ̀ mu. Bí a kò bá kọ òfo wa sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá a wá a tàbí a kò wá a rárá. Òfo tó wúlò sì gbọ́dọ̀ ní àlàyé: ibi tí a lọ, aago tí a bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí a parí, iye ènìyàn tó wá ẹranko náà, bóyá òjò rọ̀, àti bóyá òṣùpá yọ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan lè gba ọ̀rọ̀ yìí lódì, kí ó ní bí àìrí kò bá ti jẹ́ àìsí, kí a máa gé igbó Ọba lọ, àwọn ẹranko kàn sá pamọ́ ni. Èyí burú ju àṣìṣe àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí kò tíì wá nǹkan dáadáa kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ó ti tán, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ó ń bẹ lálàáfíà.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a lọ sí etí irà wa kẹ́yìn, àwa mẹ́rin ni a fi wákàtí méjì rìn nínú bàtà òjò, òjò sì ti dá láti ọ̀sán. A gbọ́ igbe kọ̀ǹkọ̀ kan ṣoṣo láti inú koríko ní òdìkejì omi, a tan tọ́ọ̀ṣì títí, a kò rí i. Ohun tí a kọ sínú fọ́ọ̀mù ni: igbe, ọ̀kan, èyí tí a fi ojú rí, òfo.