Ta ló ní àwọn Jain ń lé ìrònú kúrò lọ́kàn?

Ní Sátidé tó kọjá, ẹnì kan tún sọ fún àbúrò mi, tí oorun ti dá lójú rẹ̀ látìgbà tíṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé kó jókòó, kó dijú, kó má ro nǹkan kan. Ó ní bí àwọn ẹlẹ́sìn Jain ní Íńdíà ṣe ń ṣàṣàrò nìyẹn. Àbúrò mi gbìyànjú ẹ̀. Ṣe ni ìrònú túbọ̀ ń ya wọlé, ló bá gbà pé òun náà lòun ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Irọ́ ni.

Nínú Tattvartha Sutra, ìwé tí ìjọ Svetambara àti Digambara, ẹ̀ka ńlá méjì tí ẹ̀sìn Jain pín sí, jọ gbà, dhyana, ìyẹn àṣàrò, ni kí ọkàn dúró sójú kan. Oríṣi 4 ló kà. Àkọ́kọ́ ni arta: kéèyàn máa ro ohun tó sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ìrora tó ń jẹ ẹ́. Ìkejì, raudra, ìrònú ìkà ni. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó jí láago méjì òru, tó ń ro iṣẹ́ tó bọ́, àṣàrò náà ló ń ṣe yẹn. Ọkàn rẹ̀ ti dúró gbọn-in, àfi pé ibi tó dúró sí ló ń pa á lára. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé nǹkan míì fún ọkàn dì mú nínú ìkẹta, dharma: pé kò sóhun tó wà títí, pé èèyàn dá wá, yóò sì dá lọ. Irú ìrònú bẹ́ẹ̀ 12 ni wọ́n ní. Lóòótọ́, nínú ìkẹrin, shukla, gbogbo ìṣísẹ̀ ọkàn ń dáwọ́ dúró níkẹyìn, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ní kò sẹ́ni tó lè débẹ̀ láyé ìsinsìnyí.

Preksha, ọ̀nà àṣàrò tí Acharya Mahaprajna, olùkọ́ ẹ̀sìn Jain kan, gbé jáde lọ́dún 1975 ńkọ́? Wíwò fínnífínní ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí, kì í ṣe lílé ìrònú.

Ère Mahavira, olùkọ́ àgbà ẹ̀sìn Jain, tó jókòó jẹ́ẹ́ ni àwọn tó ń sọ pé kéèyàn má ro nǹkan kan ń wò tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ṣé bójú bá tutù, ọkàn ò ṣiṣẹ́ mọ́ ni?

Ní Leicester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí mò ń gbé, àǹtí ẹlẹ́sìn Jain kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ jẹ́ kí n jókòó ti òun nígbà samayik, ìjókòó àṣàrò wọn, ìṣẹ́jú 48 gbáko. Ó tẹ́ ẹní onírun funfun sílẹ̀, ó fi aṣọ pélébé bo ẹnu, ó dojú agogo oníyanrìn dé. Ètè rẹ̀ ń mì, ìlẹ̀kẹ̀ ń yí lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó parí, mo bi í pé kí ló ń rò. Ó ní òun ń ka àwọn tóun ṣẹ̀ láti àárọ̀.

Lọ́dún tí màmá mi kú, èmi náà ń lé ìrònú lálaalẹ́, pàbó ló ń já sí. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tí mo ṣẹ̀ bíi ti àǹtí yẹn ni oorun tó rí ojú mi sùn.

Mo ti pe àbúrò mi. Mo ní kó máa wo èémí rẹ̀, bọ́rọ̀ iṣẹ́ bá sì yọjú, kó rọra padà sórí èémí. Bí oorun bá ṣì kọ̀, a jọ ń lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí ni.